Ẹ jẹ́ kí Màmá ná mọ́tò wọn fúnra wọn

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe dáńfó tẹ́ ẹ jókòó sí tẹ́ ẹ ti ń kàwé yìí o, mọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ bá àgbà ilé yín rà ni.

Ohun kan wà tí mo ń rí láàárín àwa ọmọ ìsinsìnyí tí kò dùn mọ́ mi nínú. Àgbà á fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́, á gba owó ìfẹ̀yìntì, á wá pe ọmọ tàbí àbúrò pé kó bá òun wá mọ́tò kan tí òun á máa gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ọmọ á gba owó, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ á kọrí sọ́jà. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á wa mọ́tò délé, wọ́n á máa fọn fèrè, wọ́n á ní, "Ẹ jáde wá wo nǹkan!" Ó parí. Ẹni tó lówó ò fojú kan mọ́tò kó tó di tiẹ̀, kò jókòó sínú ẹ̀ wò, kò mọ iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é, kò mọ iye tí wọ́n já a sí. Wọ́n ní àwọn ràn án lọ́wọ́. Èmi ò gbà pé ìrànlọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Àwọn àgbà wa kì í ṣe òpè nídìí mọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ra mọ́tò kí wọ́n tó bí wa. Lọ́dún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó. Owó Údójì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé á yá owó mọ́tò níbi iṣẹ́, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù wọn. Mọ́tò tuntun ni wọ́n ń rà. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wò bóyá omi ti wọ̀ ọ́ rí.

Nígbà tí ètò SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, mọ́tò tuntun sá kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ìgbà yẹn ni tòkunbọ̀ gbòde. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun la wá fi ń pe mọ́tò tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wá wò ó, àgbà tó jẹ́ pé mọ́tò tuntun ló mọ̀ ọ́n rà, bó bá dé ọjà tòkunbọ̀, àwọn nǹkan kan wà tí kò lè mọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti wúlò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n òwe yẹn ò sọ pé kí ọmọdé gba kèrègbè mọ́ àgbà lọ́wọ́ o.

Lọ́dún 2024, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé n'Ìbàdàn ránṣẹ́ pè mí. Màmá Ìbàdàn la máa ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mọ́tò wọn àtijọ́ ti dẹnu kọlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ra òmíì. Wọ́n ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà náà fẹ́ fi tiẹ̀ kún un. Àmọ́ ọmọ yìí ní jíìpù ni kí wọ́n rà, pé kò yẹ kí ìyá òun máa gun mọ́tò kékeré kiri àdúgbò. Èmi náà mọ ọ̀pọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pe mọ́tò níta, "Big Daddy", "Muscle", "End of Discussion", gbogbo ẹ̀ pátá. Mi ò dárúkọ ìkankan nínú wọn. Ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ bi Màmá. Ibo lẹ máa ń lọ? Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà Bódìjà, ọsibítù fún àyẹ̀wò, àti ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ta ló máa wà á? Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni. Kí ló ń dùn yín lára? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Orúnkún ni, o kúkú mọ̀."

Ẹ̀yin ará, orúnkún yìí gan-an ló bá wa yan mọ́tò. Kí a tó lọ sọ́jà rárá, mo bẹ àwọn aládùúgbò àti àwọn ọmọ ìjọ wọn kan pé kí wọ́n jẹ́ kí Màmá jókòó sínú mọ́tò tiwọn wò. Wọ́n gun jíìpù kan, wọ́n ní bíi pé àwọn ń gun àkàbà ni. Wọ́n wọ Corolla, wọ́n ní àtiwọlé ò le, àtidìde ló dà bíi kéèyàn máa dìde lórí àpótí ìdáná. Nígbà tí wọ́n dé ìdí Toyota Matrix ti obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n kàn yí ìdí sí i ni, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó tán. Mo wá sọ èyí tó jẹ́ ìmọ̀ tèmi fún wọn: Matrix àti Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2003 sí 2008, bíi ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ́ńjìnnì 1.8 kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, nítorí náà, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú ẹ̀, ẹ̀yà ara ẹ̀ ò sì wọ́n bíi ti jíìpù. Ọ̀rọ̀ epo náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lópin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan tó wà ní nǹkan bíi ₦185 fò kọjá ₦450 lójú ọjọ́ díẹ̀. Mọ́tò tó ń mu epo bí ọ̀mùtí, ta ló máa máa bu epo sí i lóṣooṣù? Ọmọ tó wà ní Kánádà tún fẹ́ jiyàn lórí fóònù, Màmá ní, "Ọmọ mi, orúnkún ta ló fẹ́ gùn ún?" Ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀.

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀pọ̀ jíìpù tí àwa ọmọ ń rà fún àgbà, ojú ara wa la fi ń rà á. A fẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀ pé ìyá wa bímọ. Mọ́tò wá di nǹkan tí àgbà ń fi aṣọ bò nínú ọgbà, tí wọ́n sì ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sọ́jà.

Ó wá ku ọjà. Ọjà mọ́tò ńlá kan l'Ékòó la gbà lọ, èmi, Màmá àti mẹkáníìkì tí mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: mẹkáníìkì tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ bá níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì san owó iṣẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tí kò tíì gba owó lọ́wọ́ yín lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, ẹnu ẹ̀ á sì wá dùn ju oyin lọ.

Mọ́tò àkọ́kọ́ tí a rí, wọ́n ní ti ọdún 2008 ni. Mo ní kí n wo nọ́ńbà ara ẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1981 wá ní nọ́ńbà kan tí lẹ́tà àti fígọ̀ inú ẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. VIN ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹ tún máa rí i níbi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ń tì sí. Bó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 jẹ́ ti Kánádà, J jẹ́ ti Japan, W jẹ́ ti Jámánì. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún mọ́tò: 1 dé 9 dúró fún ọdún 2001 dé 2009, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Mo ka ti mọ́tò yìí, ipò kẹwàá jẹ́ 5. Mọ́tò ọdún 2005 ni wọ́n ń pè ní 2008! Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá, ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan, ara mọ́tò ni kẹ́ ẹ wò." Màmá ní, "Ọmọ mi, bí ọjọ́ bá ti kọjá lórí oògùn, ṣé ẹwà páálí ẹ̀ ni mo fẹ́ wò kí n tó fún aláìsàn?" A kọjá síwájú.

Mọ́tò kejì ń dán bíi dígí. Òórùn lọ́fínńdà inú ẹ̀ ló kọ́kọ́ fu mí lára, ó ti pọ̀ jù. Mo fa bẹ́líìtì ìjókòó títí ó fi tán. Ìdí ẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fà dé, ilà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn. A yẹ abẹ́ ìjókòó wò, irin ẹ̀ ti dípẹtà. A ṣí ibi tí táyà àpọ́jù wà nínú búùtù, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Mọ́tò tí omíyalé gbé ni. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, àti nígbà tí Harvey jà lọ́dún 2017, mọ́tò tó wọ inú omi ò lóǹkà. Ilé iṣẹ́ adójútòfò á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì lu mọ́tò ní gbàǹjo. Àwọn kan nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń bá ọkọ̀ ojú omi jáde lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún, á sì gbéra. Àmọ́ omi tó ti wọ inú wáyà àti kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò lọ. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, iná á kú, gíà á há, mọ́tò á dá yín dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀ lálẹ́.

Mọ́tò kẹta ló jẹ́ ti Màmá. Matrix ni, nọ́ńbà ẹ̀ fi 2 bẹ̀rẹ̀, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Màmá ní Kánádà kúkú mọ ilé àwọn. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tutù nígbà tí a dé ibẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá bá mọ́tò tí wọ́n ti ta sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fi pa mọ́. Mẹkáníìkì ta á, ó wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì, àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì yìí sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín funfun tó nípọn tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ sá fún un, omi ti ń wọlé síbi tí kò yẹ. Ọ́ìlì tó bá dà bíi tíì oní mílíìkì, ẹ sá fún ìyẹn náà. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì gíà, ó wò ó, ó gbóòórùn ẹ̀: pupa ló dáa, dúdú tó ń rùn bíi nǹkan tó jóná ò dáa. A wo ara táyà. Fígọ̀ mẹ́rin kan wà nídìí lẹ́tà DOT, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Méjì nínú táyà yìí jẹ́ 1913, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún ọdún 2013. Táyà ọlọ́dún mọ́kànlá!

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Àwọn báàgì afẹ́fẹ́ kan tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla, Matrix àti Honda Accord àwọn ọdún yẹn, lè bú kí irin sì ta bá èèyàn. Ibi tí ooru bá pọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì lọ́rinrin bíi tiwa, ló ti léwu jù. Wọ́n ti pe mọ́tò wọ̀nyẹn padà ní Amẹ́ríkà láti pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti lè tẹ nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún yẹn láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tún tiyín ṣe. Orí fóònù ni mo ti wo ti Màmá kí a tó sọ̀rọ̀ owó rárá. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ tèmi parí sí nìyẹn. Ẹ wá wo ibi tí ti Màmá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń tà á pe mọ́tò ní ₦6,500,000. Màmá ò dún. Wọ́n ní ṣé àga wà. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn lómi, wọ́n mu ún. Wọ́n wá ń bi ọmọkùnrin náà léèrè ìlú ẹ̀, ṣé ìyá ẹ̀ wà láyé, ọmọ mélòó ló bí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ó ń pè wọ́n ní "Màmá mi". Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó mú bébà jáde. Mẹkáníìkì ti kọ gbogbo àléébù síbẹ̀ pẹ̀lú iye tí a máa fi tún un ṣe: táyà méjì, ṣọ́ọ̀kì iwájú, gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù, ₦410,000 lápapọ̀. Màmá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bíi káàdì aláìsàn. Bí wọ́n bá ti ka ọ̀kan, wọ́n á ní, "Ṣé òótọ́ ni mẹkáníìkì sọ?" Ọmọkùnrin náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti fẹnu ara ẹ̀ gbà pé táyà gbó, tó gbà pé ṣọ́ọ̀kì ti kú, kò tún lè ké mọ́. Ìgbà yẹn ni Màmá ní àwọn máa san ₦4,500,000.

Ọmọkùnrin náà pariwo, "Háà, Màmá! Kẹ̀kẹ́ Márúwá kọ́ lẹ fẹ́ rà o!" Màmá náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí ₦6,200,000, Màmá gùn dé ₦4,800,000. Ó bọ́ sí ₦5,900,000, Màmá ní ₦5,100,000. Ó dúró sí ₦5,700,000, ó ní òun ò lè sún mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti jọ sọ ọ́ nílé pé bí mọ́tò bá kọjá ₦5,800,000, a ò rà á, kí owó ìwé àti àtúnṣe lè kù. Nílé la ti sọ ọ́ o, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lọ́jà, àní a ò sọ ọ́ létí mẹkáníìkì. ₦5,700,000 yìí ò kọjá ohun tí a dá lé. Ká ní èmi nìkan ni mo kó owó lọ, mà á ti nawọ́ síwájú kí a bọ ara wa lọ́wọ́. Màmá dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ọ tà á o." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n yára, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, títí a fi dé gèètì. Ọmọkùnrin náà ń wò wọ́n látẹ̀yìn. Ó pè wá padà. ₦5,400,000 ló gbà.

Iyàtọ̀ ₦300,000 nìyẹn. Lójú èmi, owó tó kù nínú ìṣirò ni. Lójú Màmá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀pọ̀ oṣù ni. Ohun tí mo ń sọ bọ̀ látàárọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ni owó ló mọ bí owó ṣe wúwo tó. Àwa ọ̀dọ́, ojú máa ń tì wá láti rìn kúrò nídìí ọjà, kí wọ́n má baà rò pé a ò lówó. Àgbà tó ti ná aṣọ ní Gbági, tó ti ná iṣu ní Bódìjà fún ogójì ọdún, ojú kì í tì í. Ìmọ̀ mọ́tò lẹ fi jù wọ́n lọ, ẹ ò fi ìnájà jù wọ́n lọ. Bẹ́ ẹ bá gba owó lọ́wọ́ wọn, tẹ́ ẹ fi wọ́n sílé, ìdajì ọgbọ́n ọjà lẹ fi sílé yẹn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gba ìwé. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ gba ìwé tí mọ́tò bá wá láti òkè òkun, ẹ gba rìsíìtì. Kí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún yẹn bára mu lórí gbogbo wọn àti lára mọ́tò. Bí wọ́n bá ní mọ́tò Kútọnu ni, pé ó dínwó, ẹ rántí pé láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ojú ilẹ̀ wọlé. Mọ́tò tí kò níwèé, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e lójú títì, owó ìfẹ̀yìntì á sì bá a lọ. Ẹ má gbé owó lọ́wọ́, báǹkì ni kẹ́ ẹ gbà san án, kí orúkọ inú àkáǹtì sì bá ti orí rìsíìtì mu. Bí ajẹ́ńtì bá ní kẹ́ ẹ san án sí àkáǹtì ìyàwó òun, ẹ kí ìyàwó ẹ̀ fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí àgbà ti fún lówó mọ́tò, tẹ́ ẹ ń múra ọjà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ lọ gbé wọn nílé. Ẹ gbé àga dání fún wọn bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n. Ẹ ka nọ́ńbà, ẹ fa bẹ́líìtì, ẹ wo èéfín, ẹ sọ òótọ́ ohun tẹ́ ẹ rí fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ná an. Bí wọ́n bá sì ní ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ tẹ̀ lé wọn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.